Eyín Tí Mo Dí fún Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ẹnu Sakeenah ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ìwà rẹ̀.

Ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mú wọ ilé ìtọ́jú eyín wa ní àdúgbò Charbonnages, ní Libreville. Nígbà tó la ẹnu, mo rí eyín ẹ̀yìn kan tí kòkòrò ti jẹ dé inú.

"Docteur, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ o. Èmi àti màmá mi la jọ máa ń fọ́ eegun nílé wa."

Ẹ̀rín pa mí. Mo fọ inú eyín náà, mo fi oògùn funfun kan dí i. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni èyí lè lò. Ẹ padà wá kí n parí ẹ̀."

Ó padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni mo rí gbà, n kò fọwọ́ kan eyín.

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe di àfẹ́sọ́nà mi, mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn aláìsàn. Ta ló ń kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ ti aláìsàn? Mo lè ṣe é nígbàkígbà.

Nígbàkígbà yẹn kò dé. Mo fẹ́ràn láti máa to orúkọ sínú ìwé yẹn bí ẹni ń tú àdìtú. Bí ogún ìṣẹ́jú bá ṣófo, ara mi kì í balẹ̀ títí màá fi rí ẹni fi sí i, títí kan Sátidé.

"Olówó orí mi, èmi ńkọ́?"

"Sátidé tó ń bọ̀, ayọ̀ mi."

Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wa bọ́ sí, nílé àwọn Sakeenah ní àdúgbò Kalikak, aago méjì ọ̀sán. Mo ní kí n tọ́jú ẹnì kan sí i, ẹni yẹn di mẹ́ta. Aago mẹ́rin kọjá kí n tó dé, mo ṣì wọ aṣọ funfun iṣẹ́.

Àbúrò bàbá mi, Fọláhàn, ti ń yìn mí níbẹ̀ láti aago méjì: "Ọmọ wa yìí, kò sí dókítà eyín bíi tiẹ̀ ní Libreville!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí Sakeenah tó fi ìbòrí bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n gbé ẹran dé, kò fọwọ́ kàn án. Ìyá rẹ̀, Àlájà Àràmátù, fa ìbòrí náà kúrò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú bí ìkúùkù.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Eyín ni, Màmá."

Àlájà yíjú sí mi. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo lẹ tún ní ẹ ń ṣe?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde.

"Jẹ́ kí n gbé ọ lọ báyìí," mo sọ fún Sakeenah.

"Má fọwọ́ kàn mí. Dókítà Hélène ni màá lọ bá."

Hélène àti èmi la jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó yọ eyín náà. Kò ṣe é gbà là mọ́. Èmi jókòó síta láàárín àwọn aláìsàn. Hélène gbé eyín náà lé mi lọ́wọ́. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì mi ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo sunkún níwájú èrò.

Òwú kún ẹnu Sakeenah nígbà tó jáde, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fa ìwé àwọn aláìsàn mọ́ra, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí Sátidé, láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀. Ó wá wo ojú mi.

"Mo gbà," mo ní. "Gbogbo Sátidé."

Wọ́n so yìgì wa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kí n fi eyín mìíràn síbẹ̀, ó kọ̀. Bí fóònù iṣẹ́ bá dún lọ́jọ́ Sátidé, kì í bínú. Á kàn rẹ́rìn-ín gbàgà sí mi, kí n lè rí ibi tó ṣófo.

Màá sì pa fóònù.