Àga Ojú Ìwé Kẹfà

"Ṣé o ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò dáadáa?" Obìnrin onítẹ̀wé náà gbé ìka lé bọ́tìnnì ẹ̀rọ. "Tí n bá ti tẹ èyí pẹ́nrẹ́n, kò sí pé ẹ dúró ná mọ́ o."

Ọmọbìnrin tó gbé iṣẹ́ náà wá wo bébà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìwé àfihàn ọjà bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ni: àga, tábìlì, bẹ́ẹ̀dì. Òun ló ya fọ́tò wọn, òun ló tò wọ́n sójú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, òun náà ló yan àwọ̀ èèpo rẹ̀. Ojú ìwé kẹfà nìkan ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, mà," ló wí. Ẹ̀rọ bú ramúramù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àga tí bàbá rẹ̀ kàn kẹ́yìn kò dára nínú fọ́tò. Ó yà á títí, ṣe ló ń ṣú dùdù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Kíámọ́sá, nítorí pé kì í fara balẹ̀ ṣe ohunkóhun, bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lo ń yọ ara ẹ lẹ́nu sí? Fọ́tò àga kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì bámúbámú. Mú ọ̀kan tó rẹwà, kó o fi síbẹ̀, ó parí. Ta ló máa mọ̀?"

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ti sún mọ́lé, bàbá rẹ̀ sì ti ṣèlérí ìwé náà fún obìnrin kan tó fẹ́ ṣí òtẹ́ẹ̀lì tuntun. Ó mú fọ́tò àga olówó ńlá kan níbẹ̀, ó fi sójú ìwé kẹfà.

Nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ gbé ìwé náà dé ọ́fíìsì olóòtẹ́ẹ̀lì, obìnrin náà ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó ń mi orí. Inú bàbá ń dùn ṣìnkìn. Lójijì, ọwọ́ obìnrin náà dúró.

"Káfíńtà, èyí gan-an ni mo ń wá fún gbogbo yàrá mi! Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí."

Bàbá na ọrùn wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà. Ọmọ rẹ̀ wolẹ̀.

"Mà, èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni? Ṣebí orúkọ yín ló wà níwájú ìwé!"

"Èmi ni, mà." Omi lé ròrò sójú ọmọbìnrin náà. "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti jí fọ́tò náà. Bàbá mi kò mọ̀ sí i."

Obìnrin náà pa ìwé dé. "Èwo ni kí n wá gbà gbọ́ nínú ìyókù? Ẹ máa lọ ná."

Bàbá ṣáájú wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọwọ́ lé àga tí kò hàn dáadáa náà. "Ṣé iṣẹ́ mi ló ń tì ọ́ lójú ni?"

Ìbéèrè yẹn dùn ún ju ẹgba lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ bàbá kí wọ́n gbé àga náà sínú oòrùn àárọ̀. Ó tún fọ́tò rẹ̀ yà: ìlà ara igi hàn kedere, títí kan kókó kékeré tó wà lápá rẹ̀. Onítẹ̀wé bínú, ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n tú píìnì àwọn ìwé náà, wọ́n yọ bébà tí irọ́ wà lára rẹ̀, wọ́n fi tuntun rọ́pò. Gbogbo ìsinmi ilé-ìwé ni ọmọbìnrin náà fi bá onítẹ̀wé ká bébà láti fi dípò owó. Kíámọ́sá yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó rí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó ní òun ń lọ ibì kan.

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé tuntun padà fún olóòtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin náà ní kí bàbá gbé àga náà wá. Ó fi í wé fọ́tò, ó jókòó lé e, ó fẹ̀yìn tì.

"Mo ti gbé iṣẹ́ àwọn yàrá fún káfíńtà mìíràn," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe méjì fún iwájú ilé. Ó kéré tán, mo mọ̀ pé ohun tí mo rí ni mo máa gbà."

Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọbìnrin náà ń sunkún. Àbùjá tó gbà ló gba iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó ti wá yé e pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ ẹlòmíràn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ ló fojú kéré, àti pé òtítọ́ tí a bá pẹ́ ká tó sọ ṣì sàn ju irọ́ tí a dì mú lọ.

"Nu ojú ẹ," ni bàbá wí. "Àga méjì wà nílẹ̀ tá a máa kàn. Wá bá mi di igi mú."