Ẹ̀dọ̀fóró Kì Í Ṣe Owó Orí

Inú èéfín ni Kàdírì ti yọ sí Ramlah lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ríra. Ramlah gbé gbágùúdá lọ lọ̀ ní ilé ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ ní Àgọ́-Àmọ̀dú, ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ níbẹ̀ bá jáde láti yàrá ẹ́ńjìnnì, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Ramlah wí.

“Ẹ ṣé, arẹwà. Èéfín ò jẹ́ kí n rí yín dáadáa. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.”

Ramlah bú sẹ́rìn-ín. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Ràsáàkì, kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi á kọ́kọ́ sìn mí. Kàdírì, ṣì máa jókòó ti ẹ́ńjìnnì yẹn títí n ó fi mọ̀ pé ọkùnrin ni ọ́.”

Epo dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì náà ń mu. Nítorí olè, yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Nígbà tó yá, Kàdírì ń wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì dúdú. Ẹ̀rù ba Ramlah, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa Ìyápọ̀ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó fà á lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí.

“A ò rí jẹjẹrẹ lára rẹ,” ni dókítà wí. “Ṣùgbọ́n èéfín dísẹ́ẹ̀lì lè fà á fún ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́. Má padà sínú yàrá yẹn.”

Bí wọ́n ṣe jáde, Kàdírì ní, “Olólùfẹ́ mi, tí mo bá kúrò níbẹ̀, bàbá á ní ọ̀lẹ ni mí.”

Inú bí Ramlah gan-an. “Ṣé orí ẹ pé? Ta ló ní kó o fi ẹ̀dọ̀fóró san owó orí mi? Ṣé òkú lo fẹ́ kí n fẹ́ ni?”

Kàdírì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Alhaji fárígá, àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Sàrátù, pariwo mọ́ ọn: “Ràsáàkì, ọkọ lò ń fún ọmọ, ẹrú kọ́ lò ń rà!”

Lọ́jọ́ yìgì, bí àwọn ààfáà ti jókòó, Ramlah gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún nínú ilé ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìnkùlé.

“Bàbá, ta ló wà níbẹ̀?”

“Mo ti gba ẹlòmíì síṣẹ́.”

Ara Ramlah gbóná. “Mo gba Kàdírì lọ́kọ. Ṣùgbọ́n n kò ní kúnlẹ̀ gba àdúrà yín títí ẹ́ńjìnnì yẹn á fi jáde síta. Ọmọ ta lẹ tún fẹ́ pa?”

Ariwo ta. “Ṣé torí èéfín lásán?” ni Alhaji jágbe.

“Ẹ lọ jókòó tì í náà, Bàbá!”

Alhaji fi ìbínú wọ yàrá ẹ́ńjìnnì lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó di apá òṣìṣẹ́ tuntun náà mú, òun fúnra rẹ̀ ń wúkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

“Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yẹn síta,” ló wí. “Ẹ gbé e síta lónìí.”

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì gbé e síta. Ramlah àti Kàdírì kúnlẹ̀ síwájú Alhaji. Ramlah ṣe àmín sí gbogbo àdúrà bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tújú ká títí àdúrà fi parí.