Ohun Tí Irin Ẹsẹ̀ Náà Wí

Irin kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní irin ń bá òun sọ̀rọ̀, ẹbí rẹ̀ á tètè wá ibi gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe mọ̀ ọ́n nílùú Abẹ́-Igbá, títí Mọrádékẹ́ fi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ẹ̀rọ tó pè ní Afirinfọhùn. Ọjọ́ tí a gbọ́ ọ, ẹnu gbogbo wa là sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pa á dé.

Fún ẹni tí kò bá dé Abẹ́-Igbá rí, ìlú tí àwọn Yorùbá tẹ̀ dó sórí Ayé Pupa, ayé mìíràn lójú òfuurufú, ni. Igbá dígí ńlá kan ni wọ́n fi bo ìlú náà, abẹ́ rẹ̀ la ti ń mí. Ilé tó bá fẹ́ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ ní oríkì tó fìdí múlẹ̀, torí ẹni tó ti fò jìnnà tó báyìí sí ilẹ̀ baba rẹ̀, kí ló tún kù tó lè fi júwe ilé?

Abẹ́fẹ́ ló ń ki oríkì ilé Onírin-Ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, eyín rẹ̀ ti ku mẹ́fà, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò dín. Àádọ́ta ọdún ló ti fi ń ki àwọn èèyàn rẹ̀ ní ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, torí òyìnbó lẹni tó tẹ ilé wọn dó, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, nígbà tí èèyàn kankan kò tíì fò wá sí Ayé Pupa. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé etí òkun wa. Ó rìn wọ inú igbó, ó fẹ́ ọmọ onílùú, ó sì bímọ. Ẹ̀gbà irin kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò bọ́ títí ó fi kú. Àwọn àna rẹ̀ wo irin náà títí, wọ́n ní ọba nìkan ló lè máa gbé ẹ̀ṣọ́ tó wúwo báyìí kiri. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti di olórí ilé ni í wọ̀ ọ́. Ọkùnrin mọ́kànlélógún ti wọ̀ ọ́ kọjá. Wọn kì í fọ̀ ọ́, wọn kì í nù ún, epo pupa ni wọ́n fi ń pa á lọ́dọọdún, tí epo fi gun orí epo tí irin náà sì ki bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé.

Ó ku ọjọ́ méje kí wọ́n fi Ṣówándé, àbúrò Abẹ́fẹ́, joyè olórí ilé, nígbà tí Olóyè Fádípẹ̀ bi í nínú ìgbìmọ̀ pé ọba Gẹ̀ẹ́sì wo, ọba ìlú wo? Ṣówándé wá èsì títí, kò rí. Ìtìjú yẹn ló gbé délé, ló bá ní kí Mọrádékẹ́ ọmọ òun bá òun bi irin léèrè.

Abẹ́fẹ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó ní ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá, yóò rí ìríkúrìí. Ó ní oríkì tó gbé bàbá òun, tó gbé bàbá bàbá òun, kí ló ṣe é tí ẹ̀rọ fi máa yẹ ìdí rẹ̀ wò?

Mọrádékẹ́ kò bá a jà. Ó kúnlẹ̀, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ohùn a máa mi irin, bí epo bá sì ń gbẹ lára irin tó ń mì, epo náà á gbẹ tòun ti ìmì yẹn; ìpẹtà tó ti mú irin náà kí epo tó kàn án á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ òun á máa bó epo àti ìpẹtà náà ní ìpele ìpele bí ẹni bó àlùbọ́sà, ohùn inú rẹ̀ á sì máa jáde, láti orí tòní wọ inú tàná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè rìn láìsí ohùn tí irin náà ti mọ̀. Abẹ́fẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa ki oríkì sí i. Bó bá dákẹ́, ẹ̀rọ á dúró.

"Màmá," ni Mọrádékẹ́ wí, "gbogbo àádọ́ta ọdún tẹ́ ẹ ti ń kì í yìí, ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ ò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a níbi tó ń dùn ún. Ẹni tó ń ki oríkì tí kò mọ orúkọ ẹni tó ń kì, ẹ̀gún ọ̀fun ni í jẹ́ fún un. Abẹ́fẹ́ ní kí wọ́n gbé irin wá.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì. Ẹ̀rọ kùn. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ikọ́, ẹ̀ẹ̀mejì, bí Láwóyin bàbá wọn ti máa ń hú u kó tó sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti sin ín. Ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ikọ́ náà, kedere bí ẹni jókòó sórí àga: "Abẹ́fẹ́, ṣé o ti jẹun?"

Ṣówándé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kóun tún un gbọ́. Mọrádékẹ́ tẹ àpótí tó fẹ́ fi gba ohùn náà sílẹ̀, kíkùn lásán ló wà níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Lórí àwo tó wà lábẹ́ irin, ìyẹ̀fun pupa díẹ̀ ti dà sílẹ̀.

"Kò ṣeé gbà sílẹ̀," ló wí. "Èyí tó bá ti sọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn. Màmá, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀."

Abẹ́fẹ́ rí ìyẹ̀fun náà. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ń bẹ nísàlẹ̀, ó sì ń ki oríkì lọ.

Àwọn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ń kọrin bí ọkọ̀ òfuurufú ti ń bú ramúramù tó ń gbé e kúrò láyé bọ̀ wá sí Ayé Pupa. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wàrà-wàrà láìdáwọ́ dúró, tí kò jọ ẹ̀rọ, tí kò jọ èèyàn. Mọrádékẹ́ ló rọra wí pé òjò ni, òjò lórí páànù. A ò gbọ́ òjò rí láyé wa. Àwọn aládùúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà, àgbà kan ṣí fìlà rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Òjò lọ. Odó lílù lọ. Obìnrin kan pe ọkọ rẹ̀ ní Dáníẹ́lì. Ìgbì òkun dé, ariwo ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan ń ka ìwé orúkọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n lédè Gẹ̀ẹ́sì, èdè tó jẹ́ pé Mọrádékẹ́ nìkan ló kọ́ ọ nílé náà. Ó ń túmọ̀ rẹ̀: "Dáníẹ́lì Kọ́bù, ọmọ opó, ará abúlé Tọ́ọ̀nífọ́ọ̀dù. Ó jí kúbùsù kan. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje lókè òkun."

Ìró kẹ̀kẹ́ ẹrù dé, ó ń lọ. Obìnrin àgbà kan ń sá tẹ̀lé e, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣáá. Mọrádékẹ́ fi etí ti ẹ̀rọ kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní, 'Ẹ gba kúbùsù yín. Òtútù ò mú mi mọ́.'"

Òòlù dún lẹ́ẹ̀kan. Ó parí. Ìyẹ̀fun ìpẹtà ló kù lórí àwo, kò sí irin mọ́.

Ṣówándé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àṣé ṣẹkẹṣẹkẹ olè ni wọ́n ń fi joyè láti ọjọ́ yìí wá. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, ní ọlá ìyá tó bí àwọn méjèèjì, kó ṣì máa ki òun ní ọmọ ọba. Abẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìyẹ̀fun náà jọ.

Lọ́jọ́ ìjoyè, níwájú gbogbo ìlú, Abẹ́fẹ́ fi ìka kan ìyẹ̀fun pupa náà, ó fi yí ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ ká, ó sì gbé ohùn sókè:

"Ọmọ Dáníẹ́lì, ará Tọ́ọ̀nífọ́ọ̀dù.
Ọmọ ajíkúbùsù bo ìyá.
Wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀, wọn ò lè fi sí i nínú.
Ọmọ ìyá tó ní òtútù ò mú òun mọ́."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Olóyè Fádípẹ̀ dìde, ó tẹríba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní ilé náà ní ìdí. Ṣówándé ń sunkún bí ọmọdé, kò sì nu ojú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ tán, Abẹ́fẹ́ nìkan jókòó sínú àgbàlá. Mọrádékẹ́ bu oúnjẹ wá, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Abẹ́fẹ́ wo ojú ọmọ náà, ó wo ìkọ́ ara ògiri tí irin náà ti wà láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ohùn tó jáde kéré ju èyí tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Bàbá mi bi mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Mi ò dá a lóhùn. Orúkọ ni mò ń wá."