Pa Á Dé, Kí O sì Tún Un Ṣí

Ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ tí Jẹ́jẹ́ rán sí mi tó dé etí mi. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ó ti dúró dè mí.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wa ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì náà, òun ni ó bá mi to kọ̀ǹpútà mi. Ó rí ìwé ìtàn tí mo yá, tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì.

"Ṣé o kì í pa ìwé dé ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá pa á dé, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á sùn lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń gbójú sókè bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Oṣù mẹ́jọ kọjá, kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi náà kò sọ. Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá wa ní kí ó fi irinṣẹ́ tuntun kan sínú kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Inú fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni yóò so olùrànlọ́wọ́ AI, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè wa níbi tí a ti ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, mọ́ àwọn fáìlì ọ́fíìsì. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àga mi, ó tẹ ìlà mẹ́ta, ó sì kọ fáìlì kékeré kan tí olùrànlọ́wọ́ náà yóò máa kà kí ó tó dá mi lóhùn. Ó pẹ́ nídìí tèmi ju ti àwọn yòókù lọ.

"Ó ti parí." Kò wo ojú mi. "Pa ibi tí o ti ń kọ kóòdù dé, kí o sì tún un ṣí. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní rí nǹkan kan kà."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Mo gbọ́ lóòótọ́, n kò ṣe é. Ojú ewé mẹ́rìnlélógún ni mo ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò pa gbogbo ìyẹn dé?

Màmá mi ni. Aránṣọ ni wọ́n, wọ́n sì ń wá sọ́kẹ́ẹ̀tì fún áyọ́ọ̀nù wọn láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n fa wáyà kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí mo gbé wálé yọ, bẹ́ẹ̀ bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́.

"Màmá!"

"Má pariwo mọ́ mi. Oníbàárà mi ti ń bọ̀ lọ́nà."

Mo tan án padà, mo béèrè ọ̀rọ̀ kan nípa kóòdù. Èsì tó jáde kì í ṣe ti kóòdù:

"Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó so mí mọ́ ibí ní kí n jẹ́ iṣẹ́ yìí fún ọ: Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ẹnu mi ni kò gbà á sọ. Wọ́n fẹ́ kí n lọ sí ẹ̀ka wa ní ìlú kejì fún ọdún kan. Bí ìwọ náà bá fẹ́ mi, wá bá mi nídìí àtẹ̀gùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Bí n kò bá rí ọ, n ó fọwọ́ síwèé."

Mo bú sẹ́kún. Màmá mi gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, wọ́n ní kí n kà á sókè.

"Ẹ̀rọ ló rán? Ṣé kò lẹ́nu ni?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bàbá rẹ náà ò lẹ́nu. Ọdún méjì ló fi ń gbé aṣọ tí kò ya wá fún mi pé kí n bá òun rán an. Dìde, lọ bọ́jú."

Mo bá Jẹ́jẹ́ níwájú ilé wọn, ó ń di ìwé sínú páálí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Mo ti fọwọ́ síwèé," ni ó wí.

"Òní ni mo tó tún un ṣí."

"O kò pa á dé láti Ọjọ́rú?"

"Màmá mi ló bá mi pa á."

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. N kò pè é ní Ẹ̀gbọ́n mọ́.

"Gbọ́, olólùfẹ́ mi. N kò ní kí o má lọ. N kò sì ní bá ọ lọ, nítorí mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Bí ọdún náà bá pé, wá bá Màmá mi, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ìwọ ni n ó fẹ́."