Sáírìn Àmúsà

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ lọ̀rọ̀ yìí, kó wá sí Egan, ní ìsàlẹ̀ àdúgbò tó kángun sódò, kó ní kí wọ́n fi ògiri yàrá Ìyá Àgbà han òun. Wọn kò tíì kùn ún.

Ọjọ́ pẹ́ tí Àmúsà, ọmọ Ìyá Àgbà, ti ń yí sáírìn àdúgbò. Irin ọlọ́wọ́ tó wúwo ni, òpó ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni wọ́n dè é mọ́. Bí odò bá ti ń kún, á di ọwọ́ irin náà mú, á máa yí i, igbe á sì gba àdúgbò kan. Sìkírátù, ìyàwó rẹ̀ tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Hamdalah, á pọn Ìyá Àgbà gun òkè, nítorí ẹsẹ̀ ìyá ti kọṣẹ́. Ó sì dití pátápátá. Ààrá á sán, kò ní mọ̀.

Àmúsà kú. Àìsàn ló pa á, kì í ṣe omi. Ọ̀rọ̀ tó bá Sìkírátù sọ kẹ́yìn ni pé, "Má jẹ̀ẹ́ kómi bá ìyá mi nílé."

Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní sáírìn náà ti dípẹtà, ẹni tó ń yí i kò sì sí mọ́. Wọ́n ra tuntun tó ń lo oòrùn, tó ń ké fúnra rẹ̀ bí omi bá ti kan wáyà rẹ̀ létí odò. Alága wọn, Olúsànyà, fẹ́ ta ti àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin jákujàku.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ ọkọ mi ló wà lára ẹ̀."

"Irin lásán ni, Ìyá Hamdalah. Ó dáa ṣá, ẹ máa mú un."

Wọ́n gbé e sábẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn kì í dé. Sìkírátù yọ ọwọ́ irin náà, ó fi í sábẹ́ ibùsùn tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú yàrá Ìyá Àgbà. Kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run. Kò síná, kò sì sí jẹnẹrétọ̀ tó ń dún. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìyá Àgbà gbé orí sókè.

"Ta ló ń yí sáírìn Àmúsà?"

Sìkírátù tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó nawọ́ sójú ọ̀run, ó mirí, pé kò sójò.

"O ò gbọ́ ni? Ó ń ké! Gbé mi dìde, jàre. Ọmọ mi kì í ké lásán."

Sìkírátù sáré wo ẹ̀yìnkùlé. Sáírìn náà wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n àwọn adìyẹ tó máa ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fò gun orí fẹ́ǹsì, wọn ò sì dún.

Ó ṣì wà nínú opó, kò yẹ kó jáde láìnídìí. Ẹnu ayé lẹbọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àmúsà ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn ìyá ọkọ rẹ̀, ó gun òkè.

Tòún, aládùúgbò wọn, ń gbá fàráńdà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà lókè.

"Ìyá Hamdalah! Kí ló dé? Opó yín ńkọ́?"

"Ìyá ló gbọ́ sáírìn."

"Ìyá tí kì í gbọ́ràn?"

Ojú ti Sìkírátù, omi sì lé sójú rẹ̀. Tòún kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ẹní fún wọn.

Alága ń kọjá. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, òun ló wá rẹ́rìn-ín.

"Tuntun ò ké o! Àbí ti ọ̀run lẹ̀yin gbọ́?"

Ìyá Àgbà kò wò ó. Ìsàlẹ̀ ló kọ etí sí. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀.

"Ó ti dákẹ́."

Alága fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé ìyá padà sílé, ó ń dápàárá bọ̀. Eruku ló wà lójú ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà gbẹ. Pálọ̀ gbẹ.

Wọ́n ṣí yàrá Ìyá Àgbà. Omi ń kán tó-tó-tó láti ara bẹ́ẹ̀dì. Àmì ẹrẹ̀ yí ògiri ká, ó ga ju ibi tí ẹni tó dùbúlẹ̀ ń gbórí lé. Ẹ̀wà tí Sìkírátù ń ṣà lẹ̀ mọ́ ògiri lójú àmì náà. Alága fọwọ́ kàn án, ó wo ìka rẹ̀, ó sì jáde. Kò dágbére.

Sìkírátù wo abẹ́ ibùsùn tirẹ̀. Ọwọ́ irin kò sí níbẹ̀. Ara sáírìn ló ti bá a lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ òjìji. Ó dì í mú. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Alága kó àwọn ènìyàn wá, wọ́n dè é padà mọ́ òpó, lábẹ́ tuntun.

Opó Sìkírátù ti pé báyìí. Bí ọ̀sán bá dákẹ́, tí Ìyá Àgbà sì gbórí sókè, á lọ síbi òpó, á gbé etí lé irin náà. Ó wù ú kóun náà gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kò gbọ́ nǹkan kan rí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọwọ́ irin náà á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á dì í mú títí yóò fi tutù.