Ẹja Tí Kò Ní Àmì Dúdú

"Kì í ṣe èyí ni bàbá ẹ ń wá o," ni Sùlè ẹlẹ́ja sọ, ó sì gbé ọ̀rá tó kún fómi sókè kí iná lè tàn sí i. "Wò ó dáadáa. Wọ́n jọra, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

Adéfúnkẹ́ tẹjú mọ́ ọ̀rá náà. Ẹja tó wà nínú rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Láti orí dé ìdajì ara, àwọ̀ elésè-àlùkò ni. Láti ìdajì dé ìrù, ìyeyè ni, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ó rẹwà débi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà gbàgbé ohun tí wọ́n rán an fún ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

"Èyí tí wọ́n rán mi wá rà ńkọ́?"

"Ọjọ́bọ̀ ni ẹrù wa ń bọ̀. Yóò wà níbẹ̀. Ìyẹn ní àmì dúdú róbótó kan lára lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí kò ní. Àti pé èyí le. Ó máa ń bá àwọn tó bá bá nílé jà."

"Ṣé gbogbo ìgbà ló máa ń jà?"

Sùlè họ orí. Olóòótọ́ èèyàn ni, àmọ́ ọlọ́jà náà ni. "Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Tí àpótí bá tóbi dáadáa, ó lè gbà fún wọn."

"Kì í ṣe gbogbo ìgbà" nìkan ni Adéfúnkẹ́ gbọ́. Ìyókù gba etí kejì jáde.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ìgbà kẹta rèé tí bàbá rẹ̀ rán an láti Ìbà Housing Estate wá sí ìsọ̀ ẹja yìí, lẹ́yìn ìkóríta Okokomaiko, ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ ló sì pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́bọ̀ tí Sùlè wá ń sọ yìí, ọjọ́ ìdánrawò eré ìparí ọdún ni níléèwé wọn. Adéfúnkẹ́ ni wọ́n fi ṣe olorì. Olùkọ́ ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá pa ìdánrawò jẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn ni yóò gba ipa rẹ̀. Tàwàkálítù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti há gbogbo ọ̀rọ̀ olorì sórí, ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ni.

"Ẹ bá mi dì í," ni Adéfúnkẹ́ wí.

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣọlágbadé, fi ọdún méjìlélógún tún tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì ṣe ní ọjà Alaba kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Àrùn ojú tí kì í dunni ni. Ó ń jí ìríran kó láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bíi pé inú páìpù ni bàbá ti ń wo ayé. Dókítà sọ fún un pé kí ọdún tó parí, páìpù náà lè dí pátápátá. Ọkùnrin náà kò sunkún. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó wá sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to gíláàsì pọ̀.

Àpótí ẹja tó kàn náà kò gùn ju tábìlì ọmọ iléèwé lọ. Omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta tó kún fún ihò àti iyùn ààyè tó ń là bí òdòdó tí iná bá tàn sí i. Bàbá so ẹ̀rọ tó ń yí omi ká mọ́ bátìrì, kó lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kó rí àpótí náà ní pípé, kí gbogbo ẹja wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà, kí ojú rẹ̀ tó lọ.

"Tí mo bá ti rí i dáadáa lẹ́ẹ̀kan péré," ló máa ń sọ, "òkùnkùn kò lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́."

Ẹni tó bá rò pé ẹja yíyàn kò ju kí a nawọ́ sí èyí tó wuni lọ, kó lọ jókòó ti bàbá yìí. Oṣù mẹ́jọ ló fi yan ẹja mẹ́rin. "Kì í ṣe ẹwà ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè," ló ń sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ibi tó ń sùn ni mò ń bèèrè, ohun tó ń jẹ, àti bó ṣe ń ṣe sí aládùúgbò rẹ̀. Òkun gbòòrò, ẹni tí wọ́n bá ń lé lè sá. Nínú gíláàsì kékeré yìí, ibo ló fẹ́ sá gbà?"

Nítorí náà, àwọn oníwà tútù ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹja kékeré kan ń gbé nísàlẹ̀ iyanrìn pẹ̀lú edé kan. Edé ń gbẹ́ ihò, ẹja ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bàbá sì sọ ọ́ ní Ọlọ́dẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹja funfun onírù pupa kan, tó máa ń sá wọ ihò tí èèyàn bá sín lásán. Onítìjú lorúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ẹja méjì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ní ìgbànú funfun lára, tí bàbá ń pè ní Tọkọtaya. Ó wá ku ọ̀kan péré, ẹja aláwọ̀ méjì tó ní àmì dúdú. Bàbá ti sọ ọ́ ní Aládé kó tó rí i rárá.

Nígbà tí Adéfúnkẹ́ dé pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, bàbá gbà á, ó sún un mọ́ ojú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀.

"Mo rí elésè-àlùkò. Mo rí ìyeyè. Àmì yẹn ni n kò rí. Fúnkẹ́, bá mi wò ó. Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Adéfúnkẹ́ wo ẹja. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, tó ń wá nǹkan kiri.

"Ó wà níbẹ̀, Dádì. Ó dúdú dáadáa."

Ó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé e bọ̀. Oṣù Kejìlá kò jìnnà mọ́. Kí ni àmì tín-ín-tín fẹ́ ṣe fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè rí i? Ó kúkú fẹ́ kí inú bàbá òun dùn ni. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dùn tó bí a bá ń fi tan ara wa jẹ.

Bàbá kì í da ẹja tuntun mọ́ àwọn ará ilé lọ́jọ́ tó bá dé. Ike ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí àlejò ń gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gbé àìsàn wá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Adéfúnkẹ́ fi ní àǹfààní láti yí ọ̀rọ̀ náà pa dà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Sùlè tilẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Èyí tó ní àmì ti dé. Gbé tọwọ́ ẹ wá kí n bá ẹ pààrọ̀." Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánrawò ló ti kà á. Ó ju fóònù sínú báàgì, ó wọlé, ó sì ṣe olorì. Nígbà tó fi máa pe Sùlè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ti ra ẹja náà.

Ọjọ́ tí wọ́n da àlejò sínú àpótí, bàbá gbé àga síwájú gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kẹrin, Adéfúnkẹ́ rí edé Ọlọ́dẹ ní wẹ́wẹ́ lórí iyanrìn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn àpótí nígbà tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ kan nǹkan gbígbẹ kan. Onítìjú ni. Wọ́n ti lé e, lé e, títí ó fi fò jáde kúrò nínú omi. Ọmọ náà fi ìwé wé e, ó sì lọ jù ú sínú ìdọ̀tí àdúgbò.

"Onítìjú ńkọ́ lónìí?" ni bàbá bèèrè nírọ̀lẹ́, torí ojú rẹ̀ kò lè tẹ̀ lé ẹja tó ń rìn mọ́.

"Ó wà nínú ihò rẹ̀, Dádì. Orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó mọ̀ pé mò ń wo òun ni."

Ẹ̀rín yẹn dun ọmọ náà ju ẹgba lọ. Ká ní ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, bàbá mọ bí wọ́n ṣe ń mú irú ẹja bẹ́ẹ̀: ẹ gé ìgò oníke, ẹ fi oúnjẹ sínú rẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ẹja mẹ́ta ì bá ṣì wà láàyè. Àmọ́ kò sọ ọ́. Ó dúró di ìgbà tí bàbá sùn lọ́sàn-án, ó ń fi àwọ̀n kékeré wá ẹja náà kiri. Ẹja wọ abẹ́ òkúta. Kò sì lè gbé òkúta kúrò, torí bàbá fi ọwọ́ mọ ìdúró gbogbo wọn. Màmá kò lè fura, torí ìsọ̀ bàtà rẹ̀ ní Okokomaiko ló ń gbà á láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò tilẹ̀ mọ iye ẹja tó wà nínú àpótí.

Ọlọ́dẹ ló tún kú. Ó ku Tọkọtaya. Lẹbẹ wọn ti fàya, wọ́n sá sí igun òkè níbi tí omi ti ń ru, wọn ò jẹun mọ́. Èyí kékeré kọ́kọ́ lọ. Èyí ńlá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Adéfúnkẹ́ kò yé ròyìn. Lálaalẹ́ tí wọ́n bá jẹun tán, bàbá yóò bèèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò sì dáhùn: Ọlọ́dẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, Tọkọtaya ń bá ara wọn ṣeré, Aládé dúró lórí òkúta rẹ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sin ẹja tó ti kú bí ẹni pé wọ́n ṣì wà láàyè. Wọ́n ṣe eré ìparí ọdún, ó sunkún lórí ìtàgé níbi tí olorì ti pàdánù ọmọ, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n rò pé eré ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Mujeeb, ọ̀rẹ́ bàbá tí wọ́n jọ ní ìsọ̀ ní Alaba tẹ́lẹ̀, wá kí wọn. Inú bàbá dùn. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó fi í jókòó síwájú gíláàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka.

"Ìsàlẹ̀, lápá òsì, Ọlọ́dẹ nìyẹn. Òkè lọ́hùn-ún, àwọn Tọkọtaya. Onítìjú máa yọjú tó bá mojú ẹ tán."

Mujeeb wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó wá wo Adéfúnkẹ́, tó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Ṣọlá," ló sọ jẹ́jẹ́, "ẹja kan ṣoṣo ni mo rí."

"Wọ́n sá pamọ́ ni. Fúnkẹ́, fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n jáde."

Adéfúnkẹ́ kò lọ mú oúnjẹ. Ó kúnlẹ̀ níbi tó wà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti ìsọ̀ Sùlè títí dé èyí tó kú kẹ́yìn. Nígbà tó parí, ìbéèrè kan ni bàbá bi í.

"Ìgbà wo ni Onítìjú kú?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, Dádì."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Bàbá mi orí. "Nígbà yẹn, mo ṣì ń rí ojú ìyá ẹ láti ẹnu ọ̀nà."

Ó ní kí Mujeeb fún òun ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó gbé e lé gíláàsì, ó wo ẹja kan ṣoṣo náà pẹ́ títí. "Ó rẹwà," ló sọ. "Kò jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn." Ó ní kí wọ́n bá òun pa iná àpótí.

Kò nà án. Kò bú u. Ì bá sàn fún Adéfúnkẹ́ ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Mujeeb fi ìgò mú ẹja náà, ó dá a pa dà fún Sùlè. Kò sí àyè láti tún bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó gba oṣù mẹ́jọ kò ṣeé ṣe ní ọjọ́ mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, bàbá jí, ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́.

Láti ìgbà náà, tí nǹkan bá wà tó yẹ kí ènìyàn wò fún bàbá, Àmínà ló ń pè, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń gbé nílé kejì. Kò bá Adéfúnkẹ́ jà. Ó ń jẹ oúnjẹ tó bá sè, ó ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà àárọ̀. Kò kàn ní kó bá òun wo nǹkan mọ́ ni.

"Dádì, mo wà níbí," ni Adéfúnkẹ́ sọ lọ́jọ́ kan tí bàbá di ìgò oògùn mú. "Ẹ jẹ́ kí n kà á."

"Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Jẹ́ kí Àmínà kà á."

Àmínà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń ṣì í, bàbá ń dúró dè é. Adéfúnkẹ́ dúró lẹ́yìn wọn, ó ń rí gbogbo ohun tó wà lára ìgò náà kedere.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun wo nǹkan ti fi ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Irọ́ tí ẹ bá pa fún un, bó ti wù kó kéré tó, kò ní ibi tó fẹ́ sá gbà. Ẹ sọ òótọ́ nígbà tó ṣì lè tún nǹkan ṣe, torí tó bá pẹ́ jù, ẹ ṣì máa sọ ọ́, àmọ́ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Adéfúnkẹ́ kì í purọ́ mọ́ báyìí. Bàbá rẹ̀ kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́.