Jagunjagun Oníyẹ̀ẹ́ àti Owó Ojú Ummusalamah

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni Nurat Ajíbóyè bá nínú àpótí ọrẹ. Owó díẹ̀ ló wà lókè, wọ́n tẹ́ ẹ bí ẹni tẹ́ ẹní bo ihò. Gbogbo ìyókù, ìròyìn bọ́ọ̀lù ọdún méjì sẹ́yìn ni, wọ́n gé e bí owó gẹ́lẹ́. Nurat ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó tú u dé ìsàlẹ̀. Àmínátù, ìyá ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá owó náà, dúró tì í, ó ti ṣí àpò tí yóò kó o sí. Ó rọra pa àpò rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ummusalamah, ọmọ ọdún méje, ni àwọ̀ funfun bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, débi pé ohùn ló fi ń mọ ìyá rẹ̀. Ìyá yìí ń ta àgbọn létí títì márosẹ̀ ní Ibereko, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta àgbọn. Àwọn dókítà ojú kan wá sí Badagry, wọ́n ní àwọn lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ náà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi bò pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí ojú náà ti kọjá àtúnṣe.

Nurat tó jẹ́ aránṣọ ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn kátúùnù ilẹ̀ Jàpáànù, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní ánímè. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń pé jọ, kálukú á rán aṣọ, á múra bí ẹni tó wù ú nínú kátúùnù, àwọn onídàájọ́ á sì yan ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára jù. Àwọn àgbàlagbà Ibereko ní orí wọn ò pé. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo tọrọ àforíjì. Ní ọdún yìí, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹni tó múra, kó kọ́kọ́ fi owó sínú àpótí ojú Ummusalamah. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àpótí náà fi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Nurat kí ọjọ́ náà tó pé, kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe mọ́, pápá ilé ẹ̀kọ́ kan kún fún ẹ̀dá tí Ọlọ́run ò dá: obìnrin onírun aláwọ̀ ewé, ọkùnrin oníwo mẹ́ta, ẹnìkan tó fi ìrù ológbò sẹ́yìn tó ń jẹ gúgúrú. Gbádégẹṣin, tíṣà ìṣirò, fi páálí ṣe ara rẹ̀ lẹ́yẹ idì, ṣùgbọ́n adìẹ ni gbogbo ayé ń pè é. Ọdún kẹrin rèé tí aṣọ rẹ̀ ń já lójú agbo, kò sì jẹ́ kó sú òun.

Jagunjagun kan ló gba ọjọ́ náà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Ìhámọ́ra rẹ̀ ń dán bí ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ìyẹ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń pa dé, ìbòjú sì bò ó dé ọrùn. Bí èrò ṣe ń tò sídìí rẹ̀ ni wọ́n ń san owó. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí òun dúró ti àpótí kí àwọn tó ń san owó má baà máa rìn lọ rìn bọ̀, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí aago mẹ́rin ṣe kọjá díẹ̀, òjò ṣú láti òkun. Ta ló wọ páálí tí yóò dúró de òjò? Idì sá, ológbò sá, oníwo mẹ́ta fi ìwo kan sílẹ̀. Jagunjagun nìkan ló dúró, nítorí fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì ló fi rán tirẹ̀, ọ̀dà ọkọ̀ ló sì fi kùn ún. Ó juwọ́ sí Nurat pé kó máa lọ, òun ń ṣọ́ àpótí. Nurat tún ṣàdúrà fún un. Nígbà tí òjò dá, àpótí wà lórí tábìlì, Jagunjagun ò sí.

Sájẹ́ǹtì Sagbo ni wọ́n fi ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́, ọmọ Ẹ̀gùn tó ku oṣù márùn-ún kó fẹ̀yìn tì. Ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Kí lorúkọ ẹni tó dúró ti àpótí?"

"Jagunjagun Oníyẹ̀ẹ́, sà," ni Nurat wí.

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo ń bi ọ́."

"A ò mọ̀ ọ́n, bàbá. A kì í bèèrè."

Nurat ṣàlàyé fún un pé àṣà àwọn ni. Ẹni tó bá ti gbé ìbòjú wọ̀, orúkọ inú kátúùnù ni wọ́n ń pè é. Àìmọ̀wàáhù gbáà ni kéèyàn ní kó ṣí ojú. Sagbo wò ó títí. Ó bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì mìíràn tó mọ̀ pé wọ́n ti jí owó náà. Ọ̀kan ní òun àti Ọbabìnrin Òṣùpá ló jọ rí i kẹ́yìn, èkejì ní kí wọ́n lọ bi Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Onírù Mẹ́sàn-án. Sájẹ́ǹtì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á, ó ya ojú ìwé náà dànù. Ó wá kìlọ̀ fún wọn pé ẹnu àwọn mẹ́ta yìí àti ti ìyá ọmọ ò gbọdọ̀ tú ọ̀rọ̀ yìí síta.

Ọlọ́kadà kan ló là wọ́n lọ́yẹ̀. Ó ní òun gbé èèyàn kan tó ní ìyẹ́ lọ sí Kankon, pé atẹ́gùn ń gbá ìyẹ́ náà débi pé díẹ̀ ló kù kí àwọn fò, òun sì gba owó èèyàn méjì. Sagbo gbé Nurat sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó di Kankon. Obìnrin kan tó ń din ẹja ní ẹni tí wọ́n ń wá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òun ni, ó gbé àpò ìdọ̀họ kan ti òun, ó ní kí òun má gbé nǹkan wúwo lé e, kí òun má sì jẹ́ kí oòrùn pa á. Ó ní fìlà búlúù ló dé, àpò dúdú ló gbé, ó na ìka sí bọ́ọ̀sì Seme tó ń gbéra lọ. Nurat rí fìlà búlúù àti àpò dúdú kan lójú fèrèsé ẹ̀yìn. Sagbo tẹ alùpùpù, ó wúkọ́, ó kú. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje. Nígbà tó fi máa jí, bọ́ọ̀sì ti yí kọ́nà.

Wọ́n lé e dé Seme, lẹ́nu ibodè. Kí ni wọ́n fẹ́ rí ní Seme? Láàárín àwọn tó ń ṣẹ́ owó àti àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ta ni ò ní àpò dúdú? Sagbo di ọ̀kan mú, ó di ẹni tó ń ṣẹ́ owó, onítọ̀hún sì bú u ní Faransé, ó tún un bú ní Ẹ̀gùn. Sagbo dá a lóhùn ní méjèèjì. Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo.

Ní Kankon, wọ́n tú àpò ìdọ̀họ náà. Ìhámọ́ra náà ni, aṣọ rírọ̀ ni wọ́n fi wé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìyẹ́ méjèèjì, ihò onígun mẹ́rin kan wà tó ní ilẹ̀kùn kékeré. Nurat ti àpótí ọrẹ tó gbé dání bọ inú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Bí ọkùnrin náà ṣe gbé àpótí tòótọ́ lọ nìyẹn, tó fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Sagbo ní kò sí wàhálà, olè yóò padà wá gbé ẹrù rẹ̀. Ó lúgọ ti obìnrin ẹlẹ́ja ní ọjọ́ Àìkú, ó lúgọ ní ọjọ́ Ajé. Ẹja ló jẹ, kò rí olè.

Àmínátù ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ń wá lójoojúmọ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Nurat pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, á kí i, á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dun Nurat ju èébú lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó tẹ̀ lé Sagbo lọ sí Kankon, ó na ìyẹ́ kan sókè lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ojú rírán yìí. Ẹni tó rán an lè sá fún ọlọ́pàá. Kò lè gbọ́ pé ẹlòmíì ló rán an kó dákẹ́."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Aránṣọ ni mí, sà."

Ìkéde jáde lórí fóònù gbogbo ọ̀dọ́ láti Badagry dé ẹnu ibodè: Jagunjagun Oníyẹ̀ẹ́ ló gba ipò kìíní nínú iṣẹ́ ọwọ́, Gbádégẹṣin ló sì wà nínú rẹ̀, òun ló rán an. Wọ́n fi kún un pé àpótí ọrẹ ṣì wà ní títì, iwájú dókítà ni wọn yóò ti ṣí i ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́rú, Nurat àti àwọn onídàájọ́ yóò bi Gbádégẹṣin ní ìbéèrè lójú agbo, nítorí bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó bá gba ipò gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ṣe oríkèé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi fọ́tò sí i. Gbádégẹṣin wọ ẹsẹ̀ òsì sí ọ̀tún, ó gbé ìyẹ́ dorí kodò, ó ń rẹ́rìn-ín, bí Nurat ṣe ní kó ṣe é gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́rú, agbo kún. Àmínátù àti Ummusalamah jókòó níwájú. Bí ọjọ́ yìí bá lọ láìrí owó, ó lọ nìyẹn, Nurat sì mọ̀ ọ́n. Ó ṣí ìwé ìbéèrè rẹ̀. Sagbo wọ agbádá, ó ń ṣe bí bàbá ọmọ kan.

Nurat bi Gbádégẹṣin pé kí ló fi ṣe ìhámọ́ra náà. Ó ní páálí ni. Ó bi í bí ìyẹ́ ṣe ń ṣí. Ó ní rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó lòun fi so ó. Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn. Ó bi í nípa àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Gbádégẹṣin ronú díẹ̀, ó ní òróró lòun fi pa á.

"Irọ́ ló ń pa."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń bọ̀ níbẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó la àárín èrò kọjá, ó gba ìyẹ́ lọ́wọ́ Gbádégẹṣin, ó yí i síbi tó yẹ. Ó ní fóòmù ni, kì í ṣe páálí. Pé ìdè ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló wà ní oríkèé. Pé ọ̀dà mẹ́ta lòun pò pọ̀, òun sì kùn ún lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, oṣù mẹ́ta gbáko. Nurat yìn ín, láti inú ọkàn ló sì ti yìn ín. Ó ní ṣé ó lè rìn nínú bàtà wọ̀nyẹn. Ọkùnrin náà wọ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó rìn, agbo pàtẹ́wọ́. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ihò ẹ̀yìn yìí ńkọ́?" ni Nurat bi í wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ̀ ọ́ dáadáa. Kí lo fi wọn ihò náà?"

"Mo wọ̀n ọ́n lára àpó..."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Sagbo ti ń ká apá agbádá sókè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀hún wà nínú bàtà fóòmù tó tóbi bí ìrọ̀rí, inú iyanrìn ló sì ń sá sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó dojú bolẹ̀. Sagbo kò sáré rárá. Ó rìn dé ibẹ̀, ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ọwọ́ pálábá olè ti ségi.

"Orúkọ tí bàbá ẹ sọ ọ́?"

"Jayéọlá, sà. Mò ń kun ọkọ̀ ní Seme."

"Owó dà?"

Ó kọ́kọ́ fárígá. Ó ní ṣé kì í ṣe nítorí òun ni wọ́n ṣe san án, ta ló san kọ́bọ̀ nítorí adìẹ onípáálí? Ẹ ò rí i pé ó lẹ́nu. Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé rèé tí Ummusalamah dìde, tó ń tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ bọ̀. Ọmọ náà ní òun fẹ́ fọwọ́ kan ìyẹ́. Ó fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní màmá òun sọ fún òun pé ó rẹwà, òun ò mọ̀ pé ó tutù báyìí. Ó ní ṣé yóò tún wọ̀ ọ́ wá lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí òun bá ti ń ríran?

Jayéọlá bú sẹ́kún. Ó ní abẹ́ agolo ọ̀dà lówó náà wà, òun ò ná ju ìwọ̀nba tí òun fi ra fóòmù tuntun. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ayédèrú àpótí àti ìwé ìròyìn, kò fi ọ̀kan pamọ́. Kí Sagbo tó mú un lọ, gbogbo èèyàn fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú Jagunjagun tó wọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Nurat gbé àpótí jáde, kálukú san. Ohun tí wọ́n san dí àlàfo fóòmù, ó tún ṣẹ́ kù fún oògùn, Sagbo sì wà nínú gbogbo fọ́tò náà, ó ti tún fìlà dé.

Owó dé láti Seme kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́bọ̀, òun ni ọmọ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, dókítà tú aṣọ ojú rẹ̀. Nurat dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Àmínátù kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó fi etí ìborùn bo ẹnu ara rẹ̀ kí ohùn má baà jáde. Ummusalamah ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, ó tẹjú mọ́ obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

"Mi ò sunkún o, ọmọ mi."

"Irọ́ ni, màámi. Mo ń rí i."